Ìjókòó Ọkọ̀ Apẹja Kì í Ṣe Àga Pálọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi, Sátidé tó kọjá ni méjì nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣe fíríìdọ̀mù. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo rí ọ̀kan nínú wọn tó gbé pákó ìjókòó sínú ọkọ̀ kékeré, ó fọwọ́ gbá a wọlé, ó ní iṣẹ́ ti parí. Àyà mi já.

Ẹ ti mọ bí a ṣe ń wọn pákó, mi ò ní tún un sọ. Ohun méjì nípa ìjókòó ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn.

Èkíní, igi kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn, ìbú ló ti ń súnkì. Pákó tútù tí ẹ gbá há lásìkò òjò, ọyẹ́ á tú u sílẹ̀.

Èkejì, gbogbo wa la máa ń ro ohun tó máa gbé ìjókòó ró nísàlẹ̀. Ohun tí kò ní jẹ́ kó gbéra sókè la máa ń gbàgbé.

Iṣẹ́ àga ni mo kọ́ ní Àkúrẹ́ kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìlàjẹ. Ilẹ̀ pálọ̀ kì í mì, mi ò rò ó rí pé ìjókòó lè fò. Bàbá apẹja kan ní ká ṣe ìjókòó mẹ́ta tó ṣeé yọ, kó lè máa ráyè kó àwọ̀n sí. Mo bi ọ̀gá mi bóyá kí n fi bóòtù, irin onínọ́ọ̀tì, dè é. Ó ní owó tí bàbá san kò ká bóòtù, kí n gbá a há. Mo gbá a há. Oṣù Òkúdù ni.

Nígbà ọyẹ́, ọkọ̀ náà ti wà lórí ilẹ̀ nínú oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí bàbá tó gbé e padà sómi. Ó fa àwọ̀n títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá jókòó sí etí pákó àárín. Ìgbì gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, etí kejì pákó gbéra, pákó dojú dé. Bàbá fi ìhà lu etí ọkọ̀. Egungun ìhà méjì ló ṣẹ́, àwọ̀n sì bómi lọ.

Ọ̀gá mi ní kí n dọ̀bálẹ̀ níwájú ìdílé bàbá. Ó ní ọmọ Àkúrẹ́ tí kò mọ omi ló ba iṣẹ́ òun jẹ́. Kò mẹ́nu ba bóòtù rárá. Ó ti lé lọ́dún 15 báyìí, ó ṣì ń dùn mí. Àmọ́ ọwọ́ tèmi ló gbé pákó yẹn síbẹ̀, mi ò lè sá fún ìyẹn.

Láti ìgbà náà, egungun ọkọ̀, ìyẹn àwọn igi inú tó gbé ara ọkọ̀ ró, ni mo ń kan igi tó gbé ìjókòó ró mọ́, mi ò jẹ́ dá ihò lu ara ọkọ̀ níbi tí omi ń dé. Orí kan pákó ìjókòó á wọ abẹ́ igi mìíràn, kó má lè gbéra. Orí kejì, igi kékeré tó ń yí ni mo fi ń há a mọ́lẹ̀, pẹ̀lú bóòtù tí kì í dípẹtà, torí iyọ̀ òkun á jẹ irin lásán títí kò fi ní yí mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé fi ìka ṣí láìsí òòlù. Mo ń tẹ́ rọ́bà túùbù sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń fi okùn kúkúrú so ó mọ́ ọkọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí oníbàárà yọ ti àárín dànù pátápátá: òun ló ń di ìhà ọkọ̀ méjèèjì mú kí wọ́n má ya síta.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo ní kí ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì fa pákó náà sókè. Pákó tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Mo kó bóòtù mẹ́fà fún un, mo sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.