Ẹkún níwájú oníṣu

Ẹ gbà mí o, lánàá ní Ọjà Ọba l'Adó, iwájú oníṣu ni mo dúró sí tí omijé kàn ń dà lójú mi pòròpòrò, kò sẹ́ni tó bá mi jà, iye tí màmá yẹn pe iṣu gan-an ò tiẹ̀ wọ́n.

Màmá fa àpótí fún mi, wọ́n ní "Ọmọ mi, kí lo jẹ láàárọ̀?" Mo ronú títí, mi ò rántí. Tíì àti gaàrí ni mo ti ń bá yí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oorun ò wá, inú kàn ń bí mi ṣáá, èmi sì rò pé fáítámìn tí mò ń gbé mì lálaalẹ́ ti tó (owó yẹn náà dùn mí). Wọ́n bu iṣu sísun fún mi, ó ṣì ń rú èéfín, epo pupa ń kán sí mi lọ́wọ́, mo jẹ ẹ́ tẹkúntẹkún.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, pé tí fáítámìn kan tó ń jẹ́ B12 bá lọ sílẹ̀ lára èèyàn, ó lè mú kó rẹ̀ ẹ́ kí inú ẹ̀ sì bà jẹ́, pé ó wà nínú ẹyin, ẹja àti ẹ̀dọ̀ màlúù. Ọ̀la ni mò ń lọ.

Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí?