Wáyà HDMI ẹlẹ́nu mẹ́ta yẹn, ẹ má rà á

Wáyà kan wà tí wọ́n ń tà káàkiri Àkúrẹ́ báyìí, ẹ ò ní ṣàì rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ṣájà lójú ọ̀nà Adéṣidà, orí ẹ̀ kan jẹ́ HDMI, ẹnu pẹlẹbẹ tí tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé ń lò, orí kejì ní ẹnu mẹ́ta, yẹ́lò fún àwòrán, funfun àti pupa fún ohùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Owó ẹ̀ ò pọ̀, tẹ́ẹ bá sì fẹ́ so ẹ̀rọ tuntun mọ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ó máa jọ pé òun gan-an lẹ ń wá, àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ ju wáyà lásán lọ.

Bàbá onílé mi ní Òkè Àró ló jẹ́ kí n kọ èyí. Bàbá ò gbà kẹ́nikẹ́ni gbé tẹlifíṣọ̀n wọn jù sọnù, ínṣì 21, ẹ̀yìn ẹ̀ yọ bẹ̀ǹbẹ̀, èèyàn méjì ló ń gbé e, àmọ́ àwòrán ẹ̀ ṣì mọ́ gaara, kí ni kí wọ́n wá jù ú sọnù fún? Ọmọ wọn tó wà l'Ékòó fi àpótí Android kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn, èyí tó ń fi wáfáì gbé YouTube, HDMI nìkan ló wà nídìí ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ HDMI, ni wọ́n bá lọ ra wáyà yẹn. Ìgbà tí mo wọlé, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri.

Wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń tẹ kọ̀ǹpútà ṣáá, wá bá mi wò ó, ṣé tẹlifíṣọ̀n mi ti kú ni?"

Mo ní, "Kò kú o, Bàbá. Èdè tí wọ́n ń bá a sọ ni ò gbọ́."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun tó ń gba inú HDMI kọjá, nọ́ńbà ni, 0 àti 1 tó ń sáré tete. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ò lè ka nọ́ńbà, iná tó ń lọ sókè sódò ló mọ̀, òun ló fi ń fa àwòrán ní ìlà ìlà, ìlà 625 fún àwòrán kan, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà ò lè sọ ọ̀kan di èkejì láéláé. Ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan láàárín wọn tó máa ka nọ́ńbà yẹn kó sì tún àwòrán yà, nǹkan ọ̀hún sì máa ń jẹ iná. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé, èyí tí ò bá ti ní ibi tí wọ́n ń ki iná bọ̀, ẹ fura sí i.

Ohun tẹ́ẹ máa béèrè ni kọnfátà, àpótí pẹlẹbẹ kan tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sórí ẹ̀ dáadáa o. HDMI2AV lẹ fẹ́, ìyẹn láti HDMI sí AV, AV ni ihò yẹ́lò, funfun àti pupa yẹn. Àbúrò ẹ̀ wà tó ń jẹ́ AV2HDMI, wọ́n jọra bí ìbejì, òdìkejì iṣẹ́ yìí ló ń ṣe. Ẹni tó ń tà á fún mi ní "Ọ̀gá mi, ìkan náà ni wọ́n, ẹ ṣáà mú èyí." Ìkan náà kọ́ rárá! Mo dá a padà fún un, mo ní kó wá èyí tí mo sọ. Iná 5 volts ló ń lò, ṣájà fóònù tó o, tàbí ihò USB tó wà lára àpótí Android yẹn gan-an.

Tẹ́ẹ bá so ó tán tí àwòrán wá dúdú-àti-funfun, tàbí tó ń yí gbirigbiri, ẹ má pariwo. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí wọ́n kọ PAL àti NTSC sí, ìyẹn ọ̀nà méjì tí tẹlifíṣọ̀n ń gbà fa àwòrán, ẹ tì í sí PAL, òun la ń lò ní Nàìjíríà. NTSC ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, ìlà 525, àyàfi tó bá jẹ́ pé tòkunbọ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn ni tẹlifíṣọ̀n yín.

Ẹni tó bá ní DVD ò nílò kọnfátà rárá, ihò AV wà lẹ́yìn ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ni pé àwọn DVD kan tún ní ihò mẹ́ta míì, gíríìnì, búlúù, pupa. Pupa tibẹ̀ yẹn àwòrán ni, kì í ṣe ohùn, ẹ má ki wáyà ohùn bọ̀ ọ́. Tí tẹlifíṣọ̀n bá sì ní ihò ohùn kan ṣoṣo, funfun ni kẹ́ẹ kì bọ̀ ọ́.

Àwọn àpótí tó ní ihò róbótó kékeré bíi ti íàpíìsì ńkọ́? Ihò yẹn lè jẹ́ AV, wáyà ẹ̀ wà. Àmọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ kọ́ ló to inú ẹ̀ bákan náà, tẹ́ẹ bá wá ń gbọ́ ohùn tó ń kùn hùùù, tí àwòrán ò yọ, ẹ yọ pupa, kẹ́ẹ kì í sí ihò yẹ́lò. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ ihò áńtẹ́nà nìkan ló ní, ẹ wá RF modulator, àpótí kékeré tó ń sọ àwòrán di ohun tí ihò áńtẹ́nà lè gbà, tàbí kẹ́ẹ gbà á kọjá nínú fídíò kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ti fídíò yìí ní wàhálà tiẹ̀ ṣá, ọ̀pọ̀ fíìmù DVD ni wọ́n fi Macrovision sí, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn ṣe ẹ̀dà ẹ̀, àwòrán á máa mọ́lẹ̀, á tún máa ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dáwọ́ dúró. Ẹ má sì torí gbogbo èyí tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n o, ẹgbẹẹgbẹ̀rún volts lè ṣì wà nínú ìgò ojú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ẹ ti yọ ọ́ lára iná.

Ti bàbá onílé ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lẹ́tà kéékèèké ò ṣeé kà lójú ẹ̀, èyí ò sì ní àtúnṣe, àwòrán ńlá la fún pọ̀ sínú ìlà díẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bá mi rò ni pé wọn ò rí góòlù mélòó ni wọ́n ti gbá, torí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ máa ń gé etí àwòrán, ibẹ̀ sì ni síkọ̀ọ̀ máa ń wà. Mo wọ sẹ́tíǹsì àpótí yẹn, níbi tí wọ́n kọ display sí, mo sún àwòrán wọlé díẹ̀díẹ̀ títí síkọ̀ọ̀ fi yọ. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Háà, wọ́n ti na àwọn èèyàn mi!"