Mo ka ìwé 41 lọ́dún kan, ìwà mi ò sì yí padà

Iye yẹn dá mi lójú, torí pé bí mo bá ti parí ìwé kan ni mò ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé nípa sùúrù wà níbẹ̀, ti ìnáwó wà níbẹ̀, ti bí a ṣe ń bá èèyàn gbé náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, àbúrò mi obìnrin wá fọ̀rọ̀ kan lọ̀ mí. Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí mo ti dá a mọ́ ọn lẹ́nu, tí mo ń fi ohùn líle bá a wí. Ó dákẹ́ títí mo fi sọ tèmi tán, ó wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ìwé tí ẹ kà láàárọ̀ yìí sọ nípa irú èyí?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o; ó fẹ́ mọ̀ ni. Bí a ṣe ń tẹ́tí sí ọmọnìkejì gan-an ni orí tí mo kà láàárọ̀ ọjọ́ náà dá lé. Mi ò rí gbólóhùn kan ṣoṣo rántí nínú rẹ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó pọ̀ nínú ìwé lóòótọ́, àmọ́ ti ọlọ́gbọ́n ló ṣì jẹ́ títí dìgbà tí ẹ bá fi ṣe nǹkan.

Ìgbàgbé kì í ṣe àìsàn. Lọ́dún 1885, Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ará Jámánì, tẹ àbájáde ìdánwò tó ṣe lórí ara rẹ̀ jáde: láàárín ọjọ́ kan, ó ju ìdajì lọ nínú ohun tó há sórí tó ti fò lọ. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ìwádìí tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Roediger àti Karpicke, ṣe lọ́dún 2006. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ka nǹkan ní àkàtúnkà, àwọn kan kà á, wọ́n pa á dé, wọ́n sì gbìyànjú láti sọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa á dé ló borí.

Nítorí náà, bí mo bá ka ojú ìwé mélòó kan, mo máa ń pa á dé, màá sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ sókè lẹ́nu ara mi. Lẹ́yìn náà ni màá mú bíró, màá kọ nǹkan kan péré tí mo fẹ́ ṣe, àti ẹni tí mo fẹ́ ṣe é fún. Àkọ́kọ́ tí mo kọ nìyí: bí àbúrò mi bá ń sọ̀rọ̀, mi ò ní la ẹnu àfi tó bá dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùnà lọ́sẹ̀ yẹn. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò sọ fún mi rí.

Ẹ má sì gba gbogbo ohun tí ìwé bá wí. Ọ̀kan sọ fún mi pé kí n jìnnà sí ẹnikẹ́ni tí kò bá fi kún mi. Mo gbọ́ràn, mo pa ọ̀rẹ́ mi àtàtà tì nígbà tí ìbànújẹ́ bò ó, ó sì tó ọdún kan kí n tó lọ tọrọ àforíjì. Òǹkọ̀wé yẹn ò mọ ọ̀rẹ́ mi. Láti ìgbà náà, kí n tó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn kankan, mo máa ń bi ara mi pé: bí mo bá ṣe èyí, ta ni yóò jìyà rẹ̀?

Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, oṣù kẹrin rèé, ojú ìwé 63 ni mo wà. Lálẹ́ àná, mo sọ ohun tí mo kà níbẹ̀ fún àbúrò mi. Ó ní òun ò fara mọ́ ọn rárá. Mo ní kó ṣàlàyé, mo sì dákẹ́.