Láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta dé Mọ́níyà, èmi àti àwọn ará ìjókòó mi

Ọ̀nà tó lọ sí Ìbàdàn láti Èkó pọ̀. Gáréèjì tí wọ́n ti ń pe "Ìbàdàn, ó ku ẹnì kan!" wà káàkiri ìlú, ẹni tó bá sì ń kánjú lè wọ bọ́ọ̀sì níbi tó bá wù ú. Ní tèmi, bí àyè bá gbà mí, ọkọ̀ ojú irin ni mo máa ń wọ̀, nítorí pé ìjókòó rẹ̀ kọjú síra. Nínú bọ́ọ̀sì, ìpàkọ́ ẹni tó wà níwájú lèèyàn máa ń wò títí yóò fi sọ̀kalẹ̀. Nínú rélùwéè, ojú ń wo ojú, orúnkún ń kan orúnkún, tábìlì kékeré kan á sì wà láàárín yín tí ẹni tó bá ní nǹkan lọ́wọ́ lè gbé e lé.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ka ìwé girama ló ń gbé Ìbàdàn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ní kí n wá. Kò sí ìnáwó, kò sí òkú, kò sí ìgbéyàwó. Mo kàn fẹ́ lọ rí i ni.

Ibùdókọ̀ Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni wọ́n fi sọrí Mọbọ́lájí Johnson, sójà tó kọ́kọ́ jẹ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, láti 1967 títí di 1975. Ẹ tètè débẹ̀ o, ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ, torí ọkọ̀ yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo rí nọ́ńbà ìjókòó mi, ọmọbìnrin kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, báàgì ilé ẹ̀kọ́ lórí itan. Ó wò mí, ó sì dìde.

"Àǹtí, ẹ wá jókòó síbí. Abẹ́òkúta ni mo ti máa sọ̀, mo ti mọ ọ̀nà yẹn tán. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wòta."

Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ kúrò kí n tó sọ ọ́ tán.

Bàbá àgbà kan àti ìyàwó wọn ló jókòó kọjú sí wa. Ní ìkangun ìjókòó wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ki okùn fóònù bọ etí méjèèjì, ó sì di ojú. Ní òdìkejì, ìyá ọlọ́mọ kan ń fi ọwọ́ kan wá ìbòrí ìgò omi, ó ń fi ọwọ́ kejì gbé ọmọ tí kò tíì tó ọmọ ọdún kan. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra, tí ilé àti òrùlé páànù bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ sẹ́yìn, Bàbá na ìka sí ìta.

"Ṣé ẹ rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn? Ti àwọn òyìnbó nìyẹn. Ó dé Ìbàdàn ní 1901. Àárín irin méjèèjì ò ju mílímítà 1,067 lọ. Èyí tí a wà lórí ẹ̀ yìí, mílímítà 1,435 ni."

Iléeṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ní ọgbà rélùwéè tó wà ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta gan-an. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi bí irin ṣe fẹ̀ tó hàn wá, wọ́n ya ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, wọ́n sì ń yà á lọ. Mo rí Màmá tí wọ́n sún ìgò omi kúrò lọ́nà kí ọwọ́ Bàbá tó débẹ̀. Wọn ò gbójú sókè, wọn ò dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ìyá ọlọ́mọ sọ dúró. Ọwọ́ wọn ló kàn mọ̀ pé ọwọ́ ọkọ wọn ń bọ̀. Ojú mi ò kúrò lára ìgò omi náà fún ìgbà díẹ̀. Mélòó ni ìgò, ife àti àtùpà tí obìnrin yìí ti sún fún ọkùnrin yìí kí ó tó di pé kò nílò láti wò ó mọ́?

Bàbá ò dákẹ́. Wọ́n ní kìlómítà 157 ni irin tuntun náà, pé ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i, àti pé inú àwọn dùn débi pé àwọn ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ náà ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn bí ẹni pé wọ́n máa bi í nínú ìdánwò, Bàbá sì ń dáhùn bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè náà láti ọdún pípẹ́.

Ìgbà tó yá, Màmá tú ọ̀rá dúdú kan lórí itan wọn. Ọsàn ni. Wọ́n fa ọ̀bẹ kékeré yọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, èèpo ń gùn lọ láì já. Bí wọ́n bá ti gé e lórí, Bàbá ni wọ́n ń nà án sí. Bàbá á fún un díẹ̀ sẹ́nu. Èyí tó bá kan, wọ́n á mú un mọ́wọ́, wọ́n á mu ún tán. Èyí tó bá dùn, wọ́n á dá a padà fún Màmá. Wọ́n ṣe é fún àkọ́kọ́, wọ́n ṣe é fún ìkejì, mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí jẹ. Nígbà tó di ìkẹta, mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń mu ọsàn nílé wọn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Màmá ò dúpẹ́, Bàbá ò sì retí ọpẹ́.

Màmá pín ọsàn yí wa ká. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan ọ̀dọ́mọkùnrin tó ki okùn bọ etí. "Ọkọ mi, dìde, mu ọsàn." Ó yọ okùn kan, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí ìjókòó, ó gbà á. Èmi náà mú ẹ̀pà inú ìgò jáde láti inú báàgì mi, torí àjọjẹ ò dùn bẹ́nì kan ò bá ní. Ẹ̀pà yẹn kò pẹ́ tán. Tábìlì kún fún èèpo, Bàbá sì ń fi etí ọwọ́ gbá a jọ sínú ọ̀rá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e díẹ̀." Ìyá ọlọ́mọ ló fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò mọ̀ mí rí. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ láì bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà di bọ́tìnnì ẹ̀wù mi mú, ó ń wo ojú mi bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti rí mi. Mo wá ronú nípa ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe yẹn. Gbogbo wa là ń sọ pé ayé ti le, pé kò sẹ́ni tó ṣeé fọkàn tán mọ́. Síbẹ̀, obìnrin yìí ti wo ojú wa láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ó ti rí ẹni tó fi ìjókòó sílẹ̀, ó ti rí ẹni tó pín ọsàn, ó sì ti dá wa mọ̀ ní tirẹ̀.

Ọmọ kúrò lọ́wọ́ mi, ó dé ọwọ́ Màmá, ó dé ọwọ́ ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́, ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló sì ti sùn. Ìyá rẹ̀ padà dé, ó fẹ́ gbà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mi orí. "Ẹ jẹ́ kó sùn." Okùn fóònù rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, kò mú un. Kò gbé apá yẹn kúrò títí a fi dé Ìbàdàn.

Ìyá ọlọ́mọ náà wá rí àyè bi Màmá bí wọ́n ṣe pàdé Bàbá. Gbogbo wa sún mọ́ tábìlì. Màmá ní ẹnu ẹ̀rọ omi ni. Àdúgbò kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń pọn.

"Mo rí i pé omi wà nínú ilé wọn o," Màmá ní, "ṣùgbọ́n á tún gbé garawa wá."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì, sọ ọ́ tán. Ó jẹ́ pé bí àwọn ìyá àgbà bá dé, obìnrin yìí máa ń fún wọn ní ipò rẹ̀ lórí ìlà. Lójoojúmọ́. Á tún padà lọ sẹ́yìn. Mo ní, èyí tó ń ṣe báyìí nítorí omi, báwo ló ṣe máa ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ?"

Ìtàn wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí lẹ́tà, kò sí orin. Garawa ni.

Abẹ́òkúta dé. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ bíbí ìlú náà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ibùdókọ̀ yẹn, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí Bàbá àti Màmá ó dàbọ̀, ó dì mọ́ mi, ó sọ̀. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé tó fi sílẹ̀ fún mi. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ń dúró dè é. Ó gba báàgì rẹ̀, ó wo òòrùn, ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó sì dé e sí ọmọ náà lórí. Ọmọ náà ò tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún un dúró. Ọkọ̀ ti ń lọ, ẹnu rẹ̀ ṣì ń yí.

Mọ́níyà ni rélùwéè ń parí sí, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi sọrí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ibẹ̀ jìnnà sáàárín ìlú, takisí kéékèèké tí wọ́n ń pè ní máíkírà sì ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ti wá mú mi. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní mo ti rù, a sì bọ́ sọ́nà.

Ohun tí a ṣe ní Ìbàdàn kéré lójú ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn. A lọ sọ́dọ̀ télọ̀ rẹ̀. A gun Láyípo ní Òkè Àrẹ̀, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936, a wo òrùlé pupa rẹ́rẹ́ títí tí ojú wa ò fi rí òpin rẹ̀. Lálẹ́, a gbé àtẹ sílẹ̀ a ń ṣa ẹ̀wà.

Ibi ẹ̀wà yẹn ló ti sọ fún mi pé bàbá òun, tó ń gbé lọ́dọ̀ òun, ti ń gbàgbé orúkọ òun. Kò sọ ọ́ lórí fóònù rí. Kò sọ ọ́ lórí Láyípo. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń yọ òkúta wẹ́wẹ́ kúrò lára ẹ̀wà, tí ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà rí ọ̀nà jáde. Èmi náà ò gbójú sókè. Mo ń ṣa tèmi lọ. Bí mo bá dìde dì mọ́ ọn nígbà yẹn, mo rò pé ó máa dákẹ́ ni. Ó sọ ọ́ tán pátápátá, a sì tún àtẹ náà ṣà lẹ́ẹ̀kejì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wà ti mọ́.

Bàbá ọ̀rẹ́ mi rántí ọdún 1955 dáadáa. Ọdún yẹn ni ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n sọ fún mi bí síléètì wọn ṣe rí, àti ẹni tí wọ́n jọ jókòó. Wọn ò mọ orúkọ mi, wọn ò sì pe ọmọ wọn lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ọ̀rẹ́ mi bá kọjá níwájú wọn, ìbéèrè kan náà ni: "Ṣé o ti jẹun?" Ọ̀rẹ́ mi á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á sì jókòó pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn, títí yóò fi tún kọjá.

Màmá Ìbejì ti gba nọ́ńbà mi kí a tó sọ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé gan-an ni wọ́n pè láti mọ̀ bóyá mo délé ire. Wọ́n ṣì ń pè. Ní ìparí oṣù yìí, wọ́n ń bọ̀ wá wo ọmọ wọn obìnrin tó bímọ ní Èkó, Bàbá sì ní kí n lọ pàdé wọn ní Ìbàdàn kí a lè jọ wọ kóòṣì kan náà bọ̀. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ló máa gbé ẹ̀pà wá lọ́tẹ̀ yìí, kí èmi gbé ọsàn. Láti àná ni mo ti ń tọ́ ọsàn wò lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́sàn.