Ògì màmá mi

Látàárọ̀ ni mo ti ń ka microbiology, ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò tíntìntín tójú ò lè rí, torí ìdíje sáyẹ́ǹsì tá a fẹ́ lọ ṣe, mo wá kan Lactobacillus, bakitéríà tó ń jẹ́ kí ògì kan. Mo bá lọ ṣí ike ògì màmá mi, ìfófòó funfun lójú omi ẹ̀, òórùn kíkan yẹn gbá mi nímú, mo kàn dúró síbẹ̀ tí mò ń wò ó.

"Kí lò ń wá nínú ògì mi?" Mo ní mò ń kàwé ni.

Ìgbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n ní ṣé kòkòrò làwọn wá ń tà fáwọn ará Òṣogbo látọjọ́ yìí ni 😂

Ṣé wọ́n ti ká ẹ̀yin náà mọ́ irú ẹ̀ rí?