Ọdún Ọlọ́jọ́ Méjìlá

Ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka àyẹ̀wò ọdún mi bọ̀ mọ̀ pé oṣù ni mo máa ń kà lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni ń ka owó àjọ. Ti 2025 kò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó kí n rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì, mi ò rí nǹkan kan mú dání. Oṣù Kẹsàn-án ńkọ́? Àfi bíi pé wọn ò fún wa lóṣù Kẹsàn-án lọ́dún yìí. Ọjọ́ méjìlá nínú oṣù Kẹta ló gbé ọdún náà mì: èmi àti Bàbá Ìbejì nínú ọkọ̀ ojú omi, láti Bergen lọ sí Kirkenes, láti Kirkenes padà sí Bergen, ní etíkun Nọ́wè. Ìgbéyàwó wa pé ọdún 25, àwọn ìbejì ti kúrò nílé, ó ní ká lọ jayé orí wa.

Láti oṣù Kẹrin lẹ ti ń béèrè bí a ṣe ṣe é. Mo ṣèlérí pé oṣù Karùn-ún ni máa kọ ọ́. Ẹ mọ ohun tó gba oṣù Karùn-ún lọ́wọ́ mi. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ẹ má fọkàn sí ọkọ̀ gàgàrà olódò ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́rin tí ẹ ń rí nínú ìpolówó. Akérò àti akẹ́rù ni èyí: ó ń kó ẹja, ó ń kó mọ́tò, ó ń gbé ìyá arúgbó láti èbúté kan dé èkejì bí ẹni wọ dáńfó. Richard With ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú ọkọ̀ Vesteraalen ní oṣù Keje 1893, láti Trondheim sí Hammerfest. Títí dòní ọkọ̀ kan ń ṣí ní Bergen lójoojúmọ́. Láti 2021 iléeṣẹ́ méjì, Hurtigruten àti Havila, ló ń pín ọ̀nà náà rìn. Èbúté 34 ni wọ́n ń yà sí. Èyí tí ọkọ̀ bá yà sí lóru nígbà àlọ, ojúmọmọ ló sábà máa ń débẹ̀ nígbà àbọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má ra àlọ nìkan bí owó bá ká a. Ní èbúté mìíràn kì í lò ju ìṣẹ́jú 15 lọ, kò sì sí pé ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá gba bọ́ọ̀sì ìgbafẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tí bọ́ọ̀sì náà sì pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè yín. Bí ẹ bá dá lọ, ẹ ó kàn máa juwọ́ sí àpótí yín lójú omi ni.

Yàrá lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Bíi jangilọ́fà ni ọkọ̀ rí: orí àti ìdí rẹ̀ ló ń lọ sókè sódò jù, àárín kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Nítorí náà, àárín ni kí ẹ bèèrè, kó sì má ga jù. Àmọ́ tó bá wá sún mọ́ ìsàlẹ̀ jù, ẹ ti dé tòsí ibi ẹrù nìyẹn. Lóru, bí ọkọ̀ bá ń dé èbúté, àwọn àjẹ̀ kékeré tó ń ti orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ á bú ramúramù, lẹ́yìn náà ni mọ́tò agbẹ́rù á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irin lu irin. Àjà kan tàbí méjì sókè ibi ẹrù, láàárín gan-an, ló dáa jù. Ẹ óò tún rí yàrá olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ sí lára pé kò fi bẹ́ẹ̀ ríran: ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń dóòlà ẹ̀mí ló dí fèrèsé rẹ̀. Irú rẹ̀ la gbà. Kò dùn wá, torí ìta lèèyàn ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Owó tó ṣẹ́ kù, kọfí ló gbé e. Ọtí ńkọ́? Ẹ wo iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó na ọwọ́. Ẹ má ṣẹ́ owó kírónà o, káàdì ni wọ́n ń gbà níbi gbogbo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo páṣípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé, ìwé ìgbélùú Ọba kò yọ yín nínú físà Schengen. Ẹ lè kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn, ó pẹ́ jù ọjọ́ 15, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró di ọjọ́ 15 ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Ìńṣọ́ránsì ìlera gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò, kó sì kárí gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò. Ibi tó ti ń dojú rú rèé: bó bá wù yín láti fi erékùṣù Svalbard kún un, Svalbard kò sí nínú Schengen. Bí físà yín bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ti lò ó tán nígbà tẹ́ ẹ kúrò ní Nọ́wè, ẹ ò ní lè padà wọlé. Èyí tó gbà yín láyè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí ẹ béèrè.

Ó wá kan òòyì òkun. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà náà ló fara pa mọ́ sẹ́yìn erékùṣù, omi ibẹ̀ sì dákẹ́ bí omi inú àwo. Ibi tí erékùṣù bá ti tán, tí agbami wọlé tààrà, ni wàhálà wà. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀: Stad, ìdájí ọjọ́ kejì; Hustadvika, lóru ọjọ́ kejì, lẹ́yìn Molde; Folda, alẹ́ ọjọ́ kẹta; Vestfjorden, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn Bodø; àti Òkun Barents lóru ọjọ́ kẹfà. Inú etí ń sọ pé ara ń mì, ojú tó ń wo ògiri yàrá ń sọ pé kò mì, ọpọlọ kò mọ èwo ni kó gbà, ló bá dá ikùn lẹ́bi. Nítorí náà, ẹ jáde síta, kí ẹ tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi. Ẹ má wo fóònù, ẹ má kàwé. Ẹ má sì fi ebi pa inú: búrẹ́dì gbígbẹ àti atalẹ̀ dáa. Oògùn rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ti ń bì. Èyí tí wọ́n ń pè ní cinnarizine, wákàtí méjì ṣáájú ni wọ́n ń lò ó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apoògùn, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn mìíràn.

Bàbá Ìbejì kò lò ó. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni òun, ó ti mọ ọ̀sà kó tó mọ ìrìn. Ní Hustadvika, ọmọ Ẹ̀pẹ́ gbá àwo ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ra bí aya tuntun. Mi ò sọ fún un nígbà yẹn pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ arìnrìn-àjò ńlá kan ti kú nínú ìjì ní oṣù Kẹta 2019, tí hẹlikópítà fi gbé èèyàn 479 lọ́kọ̀ọ̀kan. Òróró inú ẹ́ńjìnnì ló kéré jù. Bí ọkọ̀ ṣe ń fì, òróró sá kúrò lẹ́nu ibi tó ti ń fà á, ẹ́ńjìnnì sì pa ara rẹ̀. Bergen ni mo ti sọ fún un. Ó ní òun á fi ẹjọ́ mi sun Pásítọ̀.

Aṣọ: ẹ jẹ́ kí ti irun àgùntàn kan ara, kì í ṣe òwú. Òwú ń mu òógùn, kì í gbẹ, òtútù á sì bá a wọlé. Lórí rẹ̀, ohun tó nípọn. Lórí ìyẹn, ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè là kọjá. Afẹ́fẹ́ ló ń pa èèyàn níbẹ̀ ju òtútù lọ. Ẹ ra irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà, torí ojú ọ̀nà Tromsø àti Honningsvåg ní oṣù Kẹta ń yọ̀ bí ewédú. Ní Ålesund, ìlú tí iná jó ní 1904 tí wọ́n tún un kọ́ pẹ̀lú ilé olóòdòdó, àtẹ̀gùn 418 ló gun òkè Aksla. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣí kí ẹ tó fẹsẹ̀ lé e.

Ìmọ́lẹ̀ àríwá, èyí tó máa ń jó lójú ọ̀run lóru, náà wà, a rí i lálẹ́ mẹ́ta. Kí n sọ òótọ́: lójú lásán, ó sábà máa ń jọ èéfín funfun ni. Kámẹ́rà ló ń rí àwọ̀ ewé yẹn dáadáa. Ẹ wá ibi tí iná ọkọ̀ kò dé, kí ojú yín lo bí ogún ìṣẹ́jú nínú òkùnkùn. Nítorí pé ọkọ̀ ń rìn, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò wúlò bíi ti orí ilẹ̀: ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà ṣí ju ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́rin lọ, kí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) wà ní 1600 sí 3200, kí ẹ̀yinjú rẹ̀ ṣí tán. Bátìrì ń kú kíákíá nínú òtútù. Àpò abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì ni kí èkejì máa gbé. Bí ẹ bá pa gbohùngbohùn inú yàrá torí kí ẹ lè sùn, ẹ ò ní gbọ́ nígbà tí wọ́n bá kéde rẹ̀.

Ohun tó gbé èmi débẹ̀ kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ o. Ẹ mọ Màmá Òkè-Àrín. Ẹ mọ iye ọdún tó fi ta pánlá, ẹ mọ̀ pé orí pánlá ló fi rán wa níléèwé. Lofoten ni pánlá ti ń wá. Láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kẹrin, ẹja kọ́ọ̀dù ńlá tí wọ́n ń pè ní skrei ń ti Òkun Barents sọ̀ kalẹ̀ wá yé ẹyin níbẹ̀. Wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á tú ìfun, wọ́n á so méjì méjì pọ̀ níbi ìrù, wọ́n á gbé e kọ́ sórí igi gíga láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún. Kò sí iyọ̀, kò sí èéfín, afẹ́fẹ́ nìkan ni. Bí òtútù bá mú jù, omi inú ẹran rẹ̀ á di yìnyín, á sì fọ́ ẹran náà jẹ́gẹjẹ̀gẹ; bí ooru bá tètè dé, eṣinṣin á yé lé e. Ẹja kílò márùn-ún á di nǹkan bíi kílò kan. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á kó o sínú ilé fún oṣù bíi mélòó kan, ẹni tó mọ̀ ọ́n á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á máa gbóòórùn rẹ̀, á sì pín in sí nǹkan bí ogún ìsọ̀rí. Èyí tó dáa jù ń lọ sí Ítálì. Orí, tí wọ́n ń gbé kọ́ lọ́tọ̀, Nàìjíríà ni púpọ̀ rẹ̀ ń lọ. Àwọn ará Ítálì kò mọ ibi tí adùn wà. Bí ẹ bá sì ti ń ṣe kàyéfì pé orí pánlá kì í ní ahọ́n, àwọn ọmọ iléèwé Lofoten ló ń gé e tà, owó àpò wọn nìyẹn.

Alẹ́ ni ọkọ̀ ń dé Svolvær nígbà àlọ, ìrọ̀lẹ́ nígbà àbọ̀. Wákàtí díẹ̀ yẹn kò tó. Ohun tí a kò ṣe, tí mo ní kí ẹ ṣe: ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì láti èbúté sí èbúté dípò odindi, kí ẹ sọ̀ ní Svolvær, kí ẹ sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ méjì, kí ẹ wọ mọ́tò lọ sí Henningsvær, nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ọkọ̀ mìíràn á kọjá lọ́la, òmíràn lọ́tùn-ún-la. Àwa sáré rin afárá lọ sí Svinøya nígbà àbọ̀, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kù fẹ́ẹ́rẹ́, a kàn tẹ̀ lé òórùn ni. Mo ya fọ́tò 40, mo fi ránṣẹ́ sí Màmá. Ó wo èyí tí a rà, ó ní ó kéré, pé òyìnbó ti rẹ́ wa jẹ. Mo ní ẹ má ṣèyọnu, mà á gbé e bọ̀ wá fún yín ní oṣù Kẹfà, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́.

Oṣù Kẹfà náà la lọ. Aṣọ ẹbí ló kún àpótí, pánlá kò ráyè.

Kí n má gbàgbé epo ẹ̀dọ̀ ẹja. Nígbà àlọ, bí ẹ bá ti kọjá ìlà 66°33′, ẹnubodè Akitiki (Arctic Circle), wọ́n á da omi oníyìnyín sí yín lọ́rùn. Nígbà àbọ̀, síbí epo ẹ̀dọ̀ kọ́ọ̀dù kan ni. Àwọn òyìnbó ń fún ojú pọ̀; Bàbá Ìbejì, tí ìyá rẹ̀ ti fi irú rẹ̀ rọ ọ́ ní kékeré, ní kí wọ́n bu kún un. Síbí tí wọ́n fi bù ú, ẹ lè mú un lọ sílé. Méjì ló wà nínú dúrọ́ọ̀ wa.

Ọpẹ́ ni fún ohun tó ṣẹ́ kù lọ́dún yìí: orúnkún mi ṣì ń gun àtẹ̀gùn, àwọn ìbejì ń pè wá láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ gbowó (lẹ́ẹ̀mejì, mo kà á). Ti 2026, Bàbá Ìbejì ti ń wo ọkọ̀ ti Chile. Mi ò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Níjẹta ni mo gbé pánlá náà kúrò lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ayùn la fi rẹ́ ẹ, ẹ má fi ọ̀bẹ gbìyànjú rẹ̀. Odindi tó bá nípọn ń fẹ́ ọjọ́ márùn-ún sí méje nínú omi tútù, nínú fíríìjì, kí ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Màmá kò ní gbà. Omi gbígbóná, alẹ́ kan, ó tán. Mo ṣe ìdajì bí àwọn ará Nọ́wè ṣe ń ṣe é, ìdajì kejì ń dúró de omi gbígbóná. Àwọn ìbejì ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta oṣù Kìíní, ẹ̀fọ́ rírò ni. Omi ọjọ́ kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dànù yìí, gbogbo ilé ti ń rùn bí Òkè-Àrín.