Ààbọ̀ Ẹ̀rí Tó Kù

Ẹ yin Olúwa! Ẹ tún yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, bí a ò bá kọ́kọ́ yin Olúwa, ẹ lè bínú sí mi kí n tó parí rẹ̀.

Lánàá, ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2024, ọmọ wa pé ọdún kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí wa nínú aṣọ kan náà, tí màmá mi fi wá láti Iléṣà, tí òórùn ìrẹsì sì ń yọ yín lẹ́nu láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ìdí ìrẹsì, mo jẹ yín ní gbèsè kan.

Ẹ ó rántí pé lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, tí a kó ọmọ yìí jáde, ibi tí mo dúró sí yìí náà ni mo dúró sí. Mo gba makirofóònù, mo ní ọ̀tá gbìyànjú, àmọ́ Ọlọ́run àwọn Hébérù sọ ìyàwó mi kalẹ̀ láyọ̀. Ẹ jó. Ẹ lẹ owó mọ́ mi lórí, owó tó ṣọ̀wọ́n bí ojú nígbà yẹn. Nígbà tí a délé, ìyàwó mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ̀rí yín dùn. Ibo lẹ wá gbé ojú ọgbẹ́ mi sí nínú rẹ̀?"

N ò rí èsì fọ̀. Ó ń lọ sí oṣù mọ́kànlá báyìí. Mo ti bi í bóyá kí n sọ gbogbo rẹ̀ lónìí, ó ní òun ti ń retí ẹ̀.

Fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa: ọdún 2021 ni wọ́n rán mi wá síbí láti sẹ́mínárì àwa Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tó ti ń kọ́ oníwàásù láti ọdún 1898. Ọmọ ọdún 27 ni mí nígbà náà. Bàbá tó dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ á pè mí ní Dádì, n ó sì bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń pè. Wọ́n ti kọ́ wa ní èdè Gíríìkì, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń sìnkú àti bí a ṣe ń so yìgì. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí pásítọ̀ ṣe ń sọ fún ìjọ rẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ẹ̀yin náà ò sì béèrè. Bí ẹ bá ti kan ilẹ̀kùn wa ní aago mẹ́rin ìdájí, tí mo sì yọjú, ó tán.

Ohun kan tí mo bá lọ́wọ́ yín, tí mo wá gbé ga ju bí mo ṣe bá a lọ, ni àdúrà àwọn aboyún ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á tò síwájú, n ó fi òróró kàn wọ́n lórí, n ó wá ké pé, "Ẹ ó bí bí àwọn obìnrin Hébérù! Ọ̀bẹ dókítà ò ní kan ara yín!" Gbogbo ilé á sì mì tìtì pẹ̀lú Àmín. Mo mọ àdúrà yẹn gbà. Àwọn ìlú kejì máa ń wá nítorí rẹ̀.

Láàárín wa, ìyá kan wà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí wọ́n tó gbẹ̀bí rẹ̀ ní 2022. Ẹ mọ̀ wọ́n, ìyá ẹlẹ́kọ ìdí máńgòrò. Láti ìgbà náà, bí Ọjọ́bọ̀ bá ti dé, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó sí. N ò bi wọ́n léèrè. Kí n má purọ́ fún yín nínú ilé Olúwa: lọ́kàn mi, mo gbà pé ìgbàgbọ́ wọn ni kò tó.

Ibi tí mo ti jogún èrò yẹn ò jìnnà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni màmá mi. Ọmọdébìnrin ni ìyá wọn nígbà ìsọjí Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ooye ní 1930, tí èrò ń wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, tí kálukú gbé ohun tó máa fi bu omi ìyè dání. Ìtàn yẹn ni wọ́n fi ń rẹ̀ wá sùn lọ́mọdé: arọ rìn, afọ́jú ríran, kò sí ewé, kò sí egbò. N ò ní fi ìtàn náà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ilé yín pọ̀ níbí tó jẹ́ pé inú ìsọjí yẹn ni ìgbàgbọ́ ti wọlé.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16 oṣù Kejì 2023. Ẹ rántí àsìkò náà. Wọ́n ti pààrọ̀ 200, 500 àti 1000 náírà. Tuntun ò sí ní báńkì, àtijọ́ ò rẹ́ni gbà á lọ́jà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Ààrẹ Buhari bá ìlú sọ̀rọ̀ pé 200 àtijọ́ nìkan la lè máa ná títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Akápò wa gbé àpò owó ọrẹ wá bá mi, 500 àti 1000 àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ní kí làwọn ó fi í ṣe. Mo ní ká ṣì gbé e pamọ́ ná.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyàwó mi ti ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé sálúbàtà mi ló ń wọ̀. Oyún náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 33. Mo ní bí oyún ṣe ń ṣe nìyẹn, àfi bí ẹni pé mo ti lóyún rí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tò síwájú mi pẹ̀lú àwọn yòókù, mo fi òróró kàn án lórí, mo kígbe obìnrin Hébérù lé e lórí. Nígbà tí a délé, ó ní nǹkan kan ń tàn yanran-yanran lójú òun, abẹ́ ìhà sì ń dun òun. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù." Mo ní kó jẹ́ kílẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí gìrì gbé e.

Ẹni tí kò bá rí i rí, kó má gbàdúrà àtirí i. Ojú yí, ehín pa dé, gbogbo ara ń gbọ̀n. Mo ń pe Jésù, mo ń pe orúkọ rẹ̀, mo ń wá ṣíbí. (Ẹ má fi ohunkóhun sẹ́nu ẹni tí gìrì mú o, dókítà bá mi wí dáadáa lórí ìyẹn.) Igbe mi ló jí Alhájì tó wà nílé kejì. Bẹntiróòlù ò sí nílùú nígbà náà. Èyí tó wà nínú mọ́tò wọn, wọ́n fi odindi ọjọ́ kan tò fún un, kí wọ́n lè fi lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ní Sátidé. Orí wa ni wọ́n jó o sí. Wọn ò sọ ọ́ fún mi títí di òní, ìyàwó wọn ló tú àṣírí. Alhájì wà níbí lónìí, wọ́n wà lórí ìjókòó kejì yẹn. Ẹ bá mi kí wọn.

Ọsibítù kìíní ní bẹ́ẹ̀dì ò sí. Ibi kejì gbà wá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru dé 190 lórí 120. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní magnesium sulphate. Dókítà ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé oríṣi iyọ̀ kan ni, kò sì wọ́n, òun ló ń dá gìrì oyún dúró. Mo ti wàásù lórí iyọ̀ ayé tó ìgbà mẹ́wàá, n ò mọ ìyẹn. Àmọ́ wọ́n ní àìsàn náà fúnra rẹ̀ ò ní kúrò bí ọmọ ò bá jáde, iṣẹ́ abẹ sì ni, kíákíá.

Dókítà náà, obìnrin tí kò lè jù mí lọ, gbé ìwé lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí n gbàdúrà. Ó wò mí. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ máa gbàdúrà lọ. Ìyàwó yín ò lè dúró dè yín." Mo fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá rí ìwé náà, kò ní lè ka orúkọ mi.

Owó àsansílẹ̀ wá kù. Mo fi fóònù ránṣẹ́ owó, ó kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Akọ̀wé owó ní òun ò rí àlááàtì. Àwọn oní-POS ẹnu géètì ń gba 300 lórí ẹgbẹ̀rún kan, síbẹ̀ owó wọn ti tán. Dókítà obìnrin yẹn ní kí wọ́n kọ ọ́ sí òun lọ́rùn, ó gbé ìyàwó mi wọlé. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èmi Dádì, sálúbàtà ìyàwó mi lẹ́sẹ̀ mi, nítorí tèmi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni mo rí ìyá ẹlẹ́kọ àti obìnrin mẹ́rin mìíràn tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n gbé ike onídèérí kan dání. 50 àti 100 náírà ló kún inú rẹ̀, àwọn tí ìjọba ò pààrọ̀: owó ẹlẹ́kọ, owó aláta, owó ẹlẹ́fọ̀ọ́, gbogbo ṣéńjì tó wà lọ́jà wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó jẹ́ 37,400. Ó ń rùn fún epo pupa. Akọ̀wé owó ń kùn, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá ẹlẹ́kọ wá jókòó tì mí. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ má bẹ̀rù, mo ti gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ kàn má pa á lẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rín ló máa ń dùn jù. Bó bá fẹ́ wúkọ́, ẹ jẹ́ kó gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn." Wọn ò mẹ́nu kan Ọjọ́bọ̀ kankan. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n mẹ́nu kàn án.

Ọmọbìnrin ni, kílò 1.6. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru. Nígbàkigbà tí iná bá lọ, gbogbo wa tí a wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á dákẹ́ títí jẹnẹrétọ̀ á fi dún.

Ní Sátidé ọjọ́ 25, tí gbogbo Nàìjíríà ń dìbò, tí ọkọ̀ ò rìn, èmi wà ní wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí ló dé? Ó ní kí n gbé ọmọ mi sáyà, ara sí ara, bí kangarú ṣe ń ṣe. Ó ní ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978, nítorí ẹ̀rọ ò kárí àwọn ọmọ, pé àyà bàbá náà gbóná tó. Àwọn ìyá ọlọ́mọ bú sẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí pásítọ̀ níhòòhò àyà. Ọkàn ọmọ náà ń lù kìkìkì lórí tèmi. Mo fẹ́ gbàdúrà, ọ̀rọ̀ ò wá. Mo kàn ń mí, òun náà ń mí.

Ọjọ́ yẹn kọ́ ni màmá mi sọ tiwọn, ó ti lé lọ́sẹ̀ kan. Mo ti ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ nípa ọ̀bẹ. Wọ́n kàn ń ká aṣọ ọmọ. Wọ́n ní, "Àbúrò ìyá mi méjì ló kú sórí ìkúnlẹ̀." Mo ní, "Màmá, ẹ ò sọ ọ́ fún wa rí." Wọ́n ní, "Ta ló máa bọ́ síwájú ìjọ wá jẹ́rìí òkú?"

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹta la délé. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo rí yìí, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo sọ ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Ìtìjú ló fà á. Mo rò pé bí mo bá dárúkọ ọ̀bẹ, ẹ ó ní àdúrà mi ò gbà.

Ìbéèrè ìyàwó mi ló lé mi padà sínú Ẹ́kísódù orí kìíní. Ọ̀rọ̀ pé ara yá àwọn obìnrin Hébérù, Ṣífírà àti Púà ló sọ ọ́, agbẹ̀bí méjì, wọ́n ń wí àwíjàre níwájú Fáráò tó ní kí wọ́n máa pa ọmọkùnrin. Ẹ wo ẹsẹ 20 àti 21. Àwọn agbẹ̀bí ni Ọlọ́run ṣe rere fún níbẹ̀, ó kọ́ ilé fún wọn. Ọdún méjì ni mo fi gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, mo fún yín ní apá tó ṣeé kígbe.

Ẹ rántí àpò owó ọrẹ yẹn? Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí ọdún á fi parí. Òun la fi ra ẹ̀rọ tí ìyá wa tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ ò mọ ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn nígbà náà, ẹ ti mọ̀ báyìí. Aboyún méjì la ti sáré gbé lọ sí ọsibítù láti ibẹ̀. Ọ̀kan bímọ fúnra rẹ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún èkejì. Ọmọ méjèèjì wà nínú ilé yìí, ọ̀kan nínú wọn ló ń ké yẹn.

Gbogbo ẹ̀yin ìyá tí mo ti fi àdúrà mi dójú tì, ẹ foríjì mí. Ìyá ẹlẹ́kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lẹ́yìn yẹn, ẹ máa bọ̀ níwájú. Ìyàwó mi ń gbé e bọ̀ wá bá yín. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á o, ó ti wúwo. Ẹ̀yin onílù, ó yá.